Ọmọ Orí Tábìlì

Bí mo bá ti sọ ọ̀rọ̀ eré yìí fún ẹnikẹ́ni, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: kí ló dé tí kò sú yín? Àgbà mẹ́rin, tábìlì kan, eré kan náà, ọdún ń gorí ọdún! Wọ́n á wá rẹ́rìn-ín. Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà rí ohun tó wà lójú mi. Kò sú wa o. Ká ní ó tètè sú wa ni, bóyá ọ̀rọ̀ èmi àti ọmọ mi ì bá rí bákan mìíràn.

Kùmásí la ti ṣe é, nílẹ̀ Gólù Kóòsì, kí wọ́n tó gba òmìnira tí wọ́n sọ ibẹ̀ di Gáná, a sì tún ń ṣe é lẹ́yìn náà. Ọmọ Ẹdẹ ni gbogbo wa. Bàbá Àjọkẹ́, ọkọ mi, ń ránṣọ. Èmi ń ta abẹ́rẹ́, òwú, òòyà, dígí àti pọ́dà lọ́jà. Àjọkẹ́ tí ẹ gbọ́ yẹn ni ọmọ wa. Bí mo ṣe já a lẹ́nu ọmú ni mo gbé e lé ìyá ọkọ mi lọ́wọ́ ní Ẹdẹ. Mo ní ọdún kan péré ni, ká fi rí ẹsẹ̀ walẹ̀, n ó sì padà wá mú un. Ìyá ọkọ mi ní kò burú. Wọ́n gbé e pọ̀n níṣojú mi, wọ́n kọjú rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé kó má baà rí mi bí mo ṣe ń lọ. Ọmọ ò tilẹ̀ sunkún. Èmi ni mo sunkún.

Kí n tó gbọ́ èdè àwọn ará ibẹ̀, ojú mi rí nǹkan. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ pàtẹ, obìnrin Àṣáńtì kan dúró tì mí, ó nawọ́ sí mi, ó ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Alátà." Mo ní, "N ò ta ata o, ìyá. Abẹ́rẹ́ ni mò ń tà." Ó tún ní, "Alátà." Inú bí mi. Mo gbé páálí abẹ́rẹ́ sókè, mo mì í sí i létí. "Ṣé ata ló ń dún báyìí?" Kí n tó mọ̀, àwọn ọlọ́jà ti pé lé mi lórí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá Ṣẹkí ló wá gbà mí sílẹ̀. Ọmọ agbo-ilé Mùsùlùmí àtijọ́ kan ní Ẹdẹ ni wọ́n, obìnrin gàgàrà, wọ́n ti pẹ́ ní Kùmásí kí n tó dé, abọ́ tánganran ni wọ́n ń tà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Ìyàwó, gbogbo àwa tá a ti ọ̀dọ̀ wa wá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Bó o ta góòlù, Alátà náà ni ọ́."

Ó tún ku tọjọ́ kejì. Ìyá arúgbó kan wá ra òwú, mo kúnlẹ̀ kí wọn bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Ni ìyá bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú mi, wọ́n ń fọwọ́ gbá erùpẹ̀ kiri. Wọ́n rò pé nǹkan mi ló bọ́, wọ́n fẹ́ bá mi wá a. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ó ká mi lára. Èdè téèyàn ò gbọ́ dà bí òjò lórí páànù: ariwo lásán ni, kò bá ọ wí, kò sì bá ọ ṣeré. Ọjà á kún, n ó sì dá wà láàárín rẹ̀.

Òjò náà ló fa eré. Ó sé wa mọ́ ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn tá a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé: èmi, Bàbá Àjọkẹ́, Ìyá Ṣẹkí tó wá kí wa, àti Tíṣà. Tíṣà jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin oníjọ Bàtíìsì tó ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá níwèé ní Kùmásí. Ọ̀rọ̀ ilé la ń sọ, bó ṣe máa ń rí, ni iyàn bá dé. Tíṣà ní béèyàn bá wọ agbo-ilé tó péye, kànga ló yẹ kó kọ́kọ́ rí. Bàbá Àjọkẹ́ ní irọ́ ńlá, ìloro ni, ẹ̀yìnkùlé ni kànga ń gbé. Wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń sàmì sáṣọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya agbo-ilé sórí tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ. Ìloro rèé. Ojúlé àkọ́kọ́ rèé. Ibi tí adìyẹ ń sùn rèé. Ìyá Ṣẹkí kìlọ̀ pé a kì í fi alààyè ṣeré, kó má jẹ́ ilé ẹnikẹ́ni tá a mọ̀, agbo-ilé tí kò sí níbì kan ni ká kọ́. Nígbà tí wọ́n yà á tán, gbogbo wa wò ó. Àfi bíi pé ẹnìkan fẹ́ jáde níbẹ̀ kó ní ká máa wọlé.

Ìyá Ṣẹkí bá ní, "Ó dáa. Ilẹ̀ ti mọ́. Ìyá Àgbà jí, wọn ò rí ewúrẹ́ wọn. Ta ni Ìyá Àgbà?"

Tíṣà ní, "Èmi ni." Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó tẹ̀ kòlòbà, ó lọgun: "Ẹ̀yin ọ̀lẹ inú ilé yìí, ewúrẹ́ mi dà?"

A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń ro wá. Nígbà tí òjò fi dá, kò sẹ́ni tó rántí pé ó ti dá.

Bí eré náà ṣe rí nìyí. Ìyá Ṣẹkí ni Olójúmọ́. Àwọn ló ń sọ pé ilẹ̀ mọ́, àwọn ló sì ń sọ ohun tí ilẹ̀ mọ́ bá. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wa mú èèyàn kan nínú agbo-ilé, á máa sọ ohun tí ẹni náà wí àti ohun tó ṣe. Bó bá wá jẹ́ nǹkan tó lè yọrí tó sì lè ṣàì yọrí, bíi ká gun igi tàbí ká parọ́ fún Ìyá Àgbà, Ìyá Ṣẹkí á bu àgbàdo sọ́wọ́, wọ́n á dì í. "Ó pé àbí ó ṣẹ́kù?" O ó mú ọ̀kan nínú méjèèjì. Wọ́n á wá kà á ní méjì-méjì. Bó o bá ní ó pé, tó sì pé, o rí i ṣe. Bó o bá ní ó pé, tí ẹyọ kan wá ṣẹ́kù, o ti wọ gàù.

Ìyàwó tuntun inú ilé la fipá mú fún Bàbá Àjọkẹ́. Ẹ sì mọ ìyàwó lọ́dọ̀ wa. Gbogbo ẹni tó bá bá nílé, ìbáà ṣe ọmọ tó ń rákò, kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fún un lórúkọ tirẹ̀, orúkọ ẹ̀yẹ, á sì máa fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Bí ọkọ mi bá ṣèèṣì pe ẹnìkan lórúkọ, omi ni ìtanràn wọn: wọ́n á dìde, wọ́n á bu omi tútù fún gbogbo wa. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bí wọ́n bá húkọ́ lásán, mo ti dìde, òun ló ń làágùn lórí àga yìí: "Ẹ̀yin Ìbàdí-Ìlẹ̀kẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹ bá mi na ìgbálẹ̀ yẹn." Omi tí mo mu lọ́wọ́ ọkọ mi nígbà náà, n ò mu irú ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti bu omi tán, wọ́n dúró, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ṣé báyìí lo ṣe ń ṣe é nílé wa?" Mo ní, "Báyìí náà ni." Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá fẹ́ omi, àwọn fúnra wọn ló ń lọ bù ú.

Èmi mú ọmọdébìnrin kan. Ọmọ ilé ni. Mo ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já a lẹ́nu ọmú ni. Ìyá Ṣẹkí wò mí lójú. Bàbá Àjọkẹ́ tó jẹ́ ìyàwó ló fún un lórúkọ: Eyínfúnjowó, nítorí pé ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀ kó má fi ẹ̀rín sí i. Orúkọ náà bá a mu, ó mọ́ ọn lára, kò sẹ́ni tó rántí orúkọ tá a kọ́kọ́ sọ ọ́ mọ́.

Ẹ ní kí ló dé tí kò sú wa. Ẹ ta ayò, ẹnìkan á jẹ, ẹ ó kó ọmọ ayò jọ, ó parí. Tiwa kì í parí, kò sì sẹ́ni tó ń jẹ. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Bí Eyínfúnjowó bá fọ́ ìkòkò omi, ó fọ́ náà ni. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, garawa la ó máa pọnmi sí, Ìyá Àgbà á sì máa ráhùn pé omi ń rùn. Ewúrẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn gba ọ̀nà ìlú Ara lọ, kò padà mọ́, Tíṣà sì ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún bí ẹni pé ọmọ ló kú fún un. Lọ́jọ́ Ajé, ọkọ mi á fi àkísà nu ṣọ́ọ̀kì kúrò, wọ́n á gé ṣòkòtò oníbàárà níbi tí kànga wà lánàá. Kò mú un kúrò lọ́kàn wa. Bọ́jọ́ Ìsinmi bá dé, wọ́n á tún yà á, bí wọ́n bá sì gbàgbé ihò kékeré tó wà lára ògiri, gbogbo wa á figbe ta.

O ò tún lè mọ ohun tó máa jáde lẹ́nu ẹnìkejì rẹ. Tíṣà tí ẹ rí un, ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í gbójú sókè wo obìnrin lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì. Jẹ́ kó di Ìyá Àgbà, á bú ọ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, á tún fi èpè díẹ̀ lé e. Bó bá parí, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o," ojú á sì tì í. Mo gbà pé ohun tó ń mú eré pẹ́ lọ́wọ́ èèyàn nìyẹn, pé kó o jókòó ti ẹni tó o mọ̀ dáadáa, kí ẹlòmíràn jáde lára rẹ̀. Bí àkókò ìrun alásàrí bá tó, Ìyá Ṣẹkí á dìde, wọ́n á ní, "Ilẹ̀ ti ṣú ní agbo-ilé." A ó máa bẹ̀ wọ́n bí ọmọdé pé kí wọ́n má tíì jẹ́ kó ṣú.

Ohun kan tún wà o, òun ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Lórí tábìlì yẹn, ilé ni mo wà. Kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Alátà. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ ló ń yé mi.

Mo tọ́ ọmọ yẹn o. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lọ ata. Mo di irun rẹ̀ ní ṣùkú. Ó fẹ́ràn ìlẹ̀kẹ̀ pupa, ó bẹ̀rù àkùkọ bí ẹni bẹ̀rù ejò, kì í sì í fẹnu kan ilá. Lọ́jọ́ tí Olójúmọ́ ní ilẹ̀ mọ́, ibà dá Eyínfúnjowó dùbúlẹ̀, n ò lè jẹun nígbà tá a dìde nídìí eré. Bẹ́ẹ̀, ọmọ tí mo lóyún rẹ̀ wà ní Ẹdẹ, n ò mọ̀ bóyá ibà mú òun náà, n ò mọ ohun tó ń jẹ, n ò mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Ìyá ọkọ mi ń ránṣẹ́ sí wa lẹ́nu àwọn oníṣòwò tó ń lọ tó ń bọ̀. Iṣẹ́ kan náà ni: ẹ wá wo ọmọ yín. A ó ní kí wọ́n bá wa kí wọn, à ń bọ̀. Ọjà kan ló ń bọ̀ lọ́nà. Aṣọ ọdún ló pọ̀ lọ́wọ́ ọkọ mi. Ẹ jẹ́ kí òjò ó kásẹ̀ nílẹ̀. Ọdún kan péré tí mo wí kọjá, òmíràn tẹ̀lé e, òmíràn tún tẹ̀lé e. Àwọn ará Ẹdẹ tí ò ní tó wa ń lọ sílé, wọ́n ń bọ̀. Ṣé ẹ rí i, àárò ló máa ń gbé èèyàn relé. Àárò ilé kì í dàgbà lára tèmi, nítorí ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni mo ń relé. Mo dà bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò lórí iná títí, nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀, kò wù ú jẹ mọ́. Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n nígbà yẹn náà. Ìyá wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Bí mo bá bi ara mi léèrè lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ojú á tì mí. Tó bá dọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, n ó gbé àga sún mọ́ tábìlì.

Nǹkan sì ń ṣẹnuure fún mi lójú ọjà. Mo gbọ́ èdè wọn débi pé mo lè fi bú èèyàn. Mo gba ìsọ̀ tí wọ́n fi páànù bò. Lọ́jọ́ kan, obìnrin tó pè mí ní Alátà lọ́jọ́sí, òun ló mú àbúrò rẹ̀ wá, ó ní ọ̀dọ̀ Alátà yìí nìkan ni kó ti máa ra abẹ́rẹ́. Mo fi èdè wọn dá a lóhùn pé ata náà ti wà lórí àtẹ o, tí wọ́n bá fẹ́. Ẹ̀rín pa wá. Inú mi dùn, mo sì ń wá ẹni tí n ó sọ fún. Ẹ mọ ẹni tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn? Eyínfúnjowó. Mo ti ń ronú bí n ó ṣe sọ ọ́ fún un kí n tó rántí pé kò sí. Mo jókòó sórí àpótí nínú ìsọ̀ mi.

Tíṣà ló sọ fún wa pé a lè fi tẹlifóònù bá Ẹdẹ sọ̀rọ̀ láti pósófíìsì. A ránṣẹ́ ṣíwájú pé kí Ìyá mú Àjọkẹ́ lọ sí pósófíìsì tiwọn lọ́jọ́ tá a dá. Lọ́jọ́ náà mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tó dáa jù, mo kun pọ́dà. Bàbá Àjọkẹ́ ní, "Ṣé wọ́n ní wọ́n á máa rí ọ ni?" Mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀.

Ohùn ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ dé, wọ́n ń pariwo bí ẹni tó wà lódìkejì odò Ọ̀ṣun. "Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi ní Kùmásí?"

"À ń gbọ́ yín, Ìyá. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ."

"A dúpẹ́. Àjọkẹ́ rèé. Kí wọn, Àjọkẹ́. Sọ̀rọ̀ síbẹ̀."

Mo ń gbọ́ èémí ọmọ. Ó wá ní, "Ẹ ń lẹ́ o, ìyàwó."

Mo rò pé etí mi ni. Mo ní, "Àjọkẹ́, èmi ni."

"Mo mọ̀. Ìyàwó Kùmásí. Ṣé dáadáa lẹ wà?"

Mo gbọ́ ìyá ọkọ mi lẹ́yìn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín ìtìjú, wọ́n ń bá a wí: "Ìyá ẹ ni o! Ìyá tó bí ọ lọ́mọ!" Ọmọ náà dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń tọ́ aláìmọ̀kan sọ́nà, ó ní, "Ìyá mi ló dúró tì mí yìí."

Ta ni kí n bá wí? Gbogbo agbo-ilé ló ń pè mí ní ìyàwó. Ohun tó gbọ́ lẹ́nu wọn ló pè mí. Ọmọ ilé ni, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ìyàwó ilé ní ìyàwó. Kìkì pé kò sí ọmọ tó ń pe ìyá tó bí i bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé pósófíìsì ní àkókò wa ti pé, Bàbá Àjọkẹ́ ò sì tíì gbé tẹlifóònù náà sétí rárá.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo ní n ò ṣeré. Bàbá Àjọkẹ́ ní kò burú, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń ya agbo-ilé. Ìyá Ṣẹkí dé, wọ́n jókòó, wọ́n tún gèlè wé. Wọ́n ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo jókòó náà. Ibo ni mo fẹ́ lọ?

Ìyá Ṣẹkí ní, "Ilẹ̀ ti mọ́. Ìyá Eyínfúnjowó ti ìdálẹ̀ dé, ó dúró ní ìloro."

Láti ọjọ́ tá a ti ń ṣeré yìí, kò sẹ́ni tó bèèrè ẹni tó bí Eyínfúnjowó rí. Mo ní, "Ìyá Ṣẹkí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi."

Wọ́n ní, "Èmi ni Olójúmọ́. Ohun tí ilẹ̀ mọ́ bá nìyẹn. Ta ló máa ṣe ìyá ọmọ?"

Tíṣà wo ilẹ̀. Bàbá Àjọkẹ́ ló ní, "Èmi ni." Wọ́n na ìka, wọ́n fi lé ibi ìloro lórí tábìlì. "Eyínfúnjowó, ọmọ mi. Mo ti dé. Wá."

Èmi ni mo máa fèsì. Mo fẹ́ sọ pé, "Ìyá mi, ẹ káàbọ̀." Mo la ẹnu fún un. Ṣùgbọ́n òfin eré wa ni pé ohun tí ẹni tó o mú nínú agbo-ilé máa wí gan-an ni kó o wí, mo sì mọ ọmọ yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé, "Ta ni yín? N ò mọ̀ yín. Ìyá Àgbà, ẹ wá o, àlejò kan wà ní ìloro."

Ìka ọkọ mi ṣì wà ní ìloro, wọn ò mú un kúrò. Ìyá Ṣẹkí bu àgbàdo, wọ́n dì í. Wọ́n ní, "Bóyá ọmọ á wá bóyá kò ní wá. Ó pé àbí ó ṣẹ́kù?"

Mo di ọwọ́ wọn mú. Mo ní, "Ẹ má kà á. Ẹ má kà á rárá. Mò ń lọ sílé."

Wọ́n tú àgbàdo náà sínú àpò. Wọ́n ní, "Ó pẹ́ jù. Kí Ọlọ́run ṣe ọ̀nà ní rere."

Ìyá ọkọ mi ò bínú sí mi. Ìbá sàn kí wọ́n bínú. Oko wọn ní Alájùẹ ni wọ́n ti bọ̀ lọ́jọ́ tí mo dé Ẹdẹ, wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n ní mo ti rù. Wọ́n wá pe Àjọkẹ́. Ọmọ kan yọ lẹ́yìn ilé, ó dúdú, ó ga, àkùkọ ńlá kan wà lábẹ́ apá rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Mo fò dìde. Mo ní kó má bẹ̀rù, mo fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fà sẹ́yìn, ó ní, "Tèmi ni."

Ó fi ọwọ́ kejì bo ẹnu. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ níta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti rò pé èmi ló ń bò ó fún, kí Ìyá tó ṣàlàyé pé eyín rẹ̀ ọ̀kánkán ló yọ, ó sì ń sá fún alángbá. Wọ́n ní bí alángbá bá rí àlàfo náà, eyín ò ní hù mọ́. Nínú gbogbo ọdún tá a fi ṣeré, kò sẹ́ni tó rántí pé eyín ọmọ máa ń yọ.

Mo fún un ní ìlẹ̀kẹ̀ pupa tí mo rà bọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, ìyàwó," ó gbé e fún ìyá ọkọ mi pé kí wọ́n bá òun tọ́jú ẹ̀. N ò tún rí i lọ́rùn rẹ̀. Mo se ọbẹ̀ fún un, ó wo inú àwo, ó bi mí pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé níbo ni ilá wà. Ẹní Ìyá ló ń sùn sí. Bí mo bá jókòó síbì kan, á kí mi, á kọjá. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, kò sí ohun tí mo lè bá a wí. Mo máa ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń lọ, mo sì máa ń wá ọmọ kejì lára rẹ̀, Ọlọ́run foríjì mí, mo ń wá èyí tí mo mọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ìyàwó ilé wà lẹ́yìnkùlé, a ń fọṣọ. Àjọkẹ́ ń lé àkùkọ rẹ̀ bọ̀ lọ́nà kànga, ilẹ̀ tútù, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Mo lọgun kí n tó mọ ohun tí mò ń pè:

"Eyínfúnjowó!"

Ó di nǹkan mú, kò ṣubú. Ni ẹ̀rín bá bú ní gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Ìyàwó àgbà tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, wọ́n ní, "Ẹ gbà mí o! Ìyàwó Kùmásí fún ọmọ tó bí fúnra rẹ̀ lórúkọ, bí ẹni pé ó bá a nílé!" Òmíràn ní, "Ó tún wá jẹ́ Eyínfúnjowó, ọmọ tí ò léyín lẹ́nu!" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fọwọ́ gbá mi léjìká, wọ́n rò pé ẹ̀fẹ̀ ni mo ṣe. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Àjọkẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó rọra rìn wá, ó dúró níwájú mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa wá bá mi láìjẹ́ pé ẹnìkan rán an.

Ó ní, "Ìyàwó, ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Kí ni kí n wí fún un? Ṣé kí n ní ọmọ kan wà tí mo tọ́ nígbà tí n kò tọ́ ọ? Ṣé kí n ní ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ya ilé rẹ̀? Mo nu ọwọ́ mi.

Mo ní, "Ìwọ ni."

"N ò léyín."

"Ó ń bọ̀. Bó bá hù, á funfun ju owó ẹyọ lọ. Mo ti rí i."

Ó rò ó. Ó wò mí lójú pẹ́, bí ẹni tó ń yẹ ọjà wò kó tó rà á. Ó gbàgbọ́. Ó fìdí jókòó tì mí lórí pákó ìfọṣọ, èjìká rẹ̀ kan apá mi, n ò sì lè mira.

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti jí lórí ẹní Ìyá láràárọ̀, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbà. Á wo ògiri lọ́tùn-ún lósì bóyá alángbá wà níbẹ̀, á mú ọwọ́ kúrò lẹ́nu, á la ẹnu gbàgà sí mi lójú.

"Ìyàwó, ṣé ó ti ń funfun?"

N ó ní ó ti ń funfun. Kò tíì sí eyín kankan níbẹ̀.